Kí A Lé Akátá Lọ Ná, Kí A Tó Bá Adìyẹ Wí



Lẹ́yìn ìrun Àsárì lọ́jọ́ kan, àwọn ọmọ kéwú mi kan pé jọ sídìí fóònù, wọ́n ń wo básíkẹ́ẹ̀tì àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà. Ọ̀kan nínú wọn gbójú sókè, ó ní: "Áfà, wọ́n ní láti ìgbà tí wọ́n ti ń sanwó fún àwọn ọmọ yìí ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kéékèèké kò ti rọ́wọ́ mú mọ́. Ṣé owó yẹn kọ́ ló ba eré náà jẹ́?" Mo dá a lóhùn ní ṣókí, ṣùgbọ́n ìdáhùn mi kò tẹ́ èmi fúnra mi lọ́rùn. Ohun tí ǹ bá ti sọ fún un ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí.

Òótọ́ ni pé ìdíje náà ti fì sí apá kan. Òótọ́ ni pé owó tí àwọn ọmọ ń gbà wà lára ohun tó mú un fì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá di gbogbo ẹ̀bi náà ru àwọn ọ̀dọ́ tó gba owó òógùn wọn ti ṣi ẹjọ́ dá. Àwọn àgbà ní kí á kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, kí á tó fàbọ̀ bá adìyẹ wí. Adìyẹ ni gbogbo ayé ń bá wí báyìí. Ẹ jẹ́ kí á wá akátá lọ.

Bí ètò náà ṣe rí

Fún ẹni tí kò mọ̀ nípa rẹ̀: ní Amẹ́ríkà, yunifásítì kì í ṣe ibi ìwé nìkan. Pápá ìṣeré àwọn kan nínú wọn ń gba ju 100,000 ènìyàn lọ. Eré méjì ló ń pawó jù níbẹ̀: básíkẹ́ẹ̀tì, àti bọ́ọ̀lù tiwọn tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé sáré. Àwọn yunifásítì náà pín ara wọn sí ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní kọ́ńfáráǹsì. Àwọn tó wà nínú kọ́ńfáráǹsì kan ń bá ara wọn díje lọ́dọọdún, wọ́n jọ ń ta ẹ̀tọ́ eré wọn fún ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì jọ ń pín owó rẹ̀. SEC tó wà ní apá gúúsù, àti Big Ten, ló lówó jù. ACC àti Big 12 tẹ̀lé wọn. Ẹ̀yìn wọn ni àwọn kéékèèké bíi Sun Belt àti Mid-American wà. Àjọ NCAA, tó ti wà láti 1906, ló ń ṣòfin.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òfin tí àjọ náà dì mú jù ni pé ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ gba owó. Kí ó gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, oúnjẹ àti ibùsùn, kí ó sì dúpẹ́. Kóòṣì ńlá ń gba ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là lọ́dún. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ń jèrè. Ẹni tó ń ta jẹ́ẹ̀sì tó ní nọ́ńbà ọmọ náà lẹ́yìn ń jèrè. Ọmọ tó ń làágùn lórí pápá nìkan ni wọ́n ní owó máa bà jẹ́.

Ìdọ́gba wo ni wọ́n ń sunkún rẹ̀?

Àwọn tó ń bínú sí owó sísan máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìdíje náà dọ́gba tẹ́lẹ̀. Ẹ wo ìtàn. Láti sáà 2006 títí dé 2012, ọdún méje léraléra, kọ́ńfáráǹsì SEC nìkan ló ń gba ife-ẹ̀yẹ bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè náà. Ní gbogbo ọdún méje yẹn, òfin kò gbà kí wọ́n san kọ́bọ̀ fún ọmọ kankan. Níbo ni ìdọ́gba wà?

Ẹ jẹ́ kí á wo ti ọmọ wa, Hakeem Olajuwon. Yorùbá ni, Mùsùlùmí ni, Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1963. Òun ni gbogbo ayé mọ̀ sí ẹni tó ń gba ààwẹ̀ Ràmàdáánì tó tún ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì láàárín àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá jù láyé. Kí ó tó di olówó, ó gbá bọ́ọ̀lù fún Yunifásítì Houston, wọ́n sì dé ìpele ẹgbẹ́ mẹ́rin tó kẹ́yìn ní 1982, 1983 àti 1984. Pápá kún, tẹlifíṣọ̀n pawó. Òfin ní ọmọ Èkó náà kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nínú rẹ̀.

Kọ́ńfáráǹsì tí Houston wà nígbà náà ń jẹ́ Southwest. Kí ló dé bá a? Ní 1996, ó tú ká. Owó tẹlifíṣọ̀n ń pè, Texas, Texas A&M, Texas Tech àti Baylor sì kó ẹrù wọn, wọ́n lọ bá ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́jọ mìíràn, wọ́n jọ di Big 12. Wọ́n fi Houston, SMU, TCU àti Rice sílẹ̀ láti wá ibòmíràn lọ. Ọdún 27 ni Houston fi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí Big 12 tó gbà á wọlé ní 2023. Mo bi yín o, ẹ̀yin tó ń sọ pé owó àwọn ọmọ ló tú ilé ká: ọmọ wo ni òfin ní kí wọ́n sanwó fún ní 1996?

Ti SMU tún burú jù. Ní 1987, NCAA fi òfin de bọ́ọ̀lù ilé-ẹ̀kọ́ náà fún odindi sáà kan, nítorí pé àwọn olówó tó ń tì í lẹ́yìn ń fún àwọn ọmọ lówó ní ìkọ̀kọ̀. Wọn kò gbá ti 1988 náà. Ó gbà wọ́n ní ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó lè gbérí. Ní 2024, SMU kan náà wọ ACC. Ó gbà pé òun kò ní gba owó tẹlifíṣọ̀n ACC fún ọdún mẹ́sàn-án, nítorí pé àwọn olówó rẹ̀ lè gbé e. Lọ́dún yẹn kan náà, ó wà lára ẹgbẹ́ 12 tó du ife-ẹ̀yẹ. Owó olówó tí wọ́n fi pa á lánàá ni wọ́n fi kí i káàbọ̀ lónìí. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ọ̀rọ̀ ìwà mímọ́ ni òfin àtijọ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n yọ̀ǹda fún láti jẹun ni.

Ohun tí owó sísan yí padà

Ẹ jẹ́ kí á ṣe òdodo sí àwọn tí a ń bá jiyàn. Nǹkan yí padà lóòótọ́. Ní oṣù kẹfà 2021, àwọn adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ti ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà fi ohùn kan dá NCAA lẹ́bi nínú ẹjọ́ Alston, pé kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi gbèdéke sí àǹfààní ẹ̀kọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ lè fún àwọn ọmọ náà. Nígbà tó di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje, NCAA gbà kí àwọn ọmọ máa fi orúkọ àti àwòrán ara wọn pawó. Lọ́dún yẹn náà ni wọ́n gbà kí ọmọ lè fi ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ lọ sí òmíràn lẹ́ẹ̀kan láì jókòó fún ọdún kan. Ní 2024, wọ́n mú gbèdéke ẹ̀ẹ̀kan náà kúrò. Ní oṣù kẹfà 2025, adájọ́ fọwọ́ sí àdéhùn ẹjọ́ House: ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ lè pín owó fún àwọn eléré rẹ̀, tó fi dé nǹkan bíi mílíọ̀nù 20.5 dọ́là ní ọdún àkọ́kọ́.

Owó dé, ilẹ̀kùn ṣí, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ni ó ṣẹlẹ̀?

Láàárín àwọn olówó, agbára kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. SEC ló gba ife bọ́ọ̀lù ní sáà 2019 dé 2022. Lẹ́yìn náà, Big Ten gba mẹ́ta léra: Michigan ní 2023, Ohio State ní 2024, Indiana ní 2025. Ọ̀gá eré ìdárayá Ohio State sọ ọ́ ní gbangba pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 dọ́là ni wọ́n ná lé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ 2024 yẹn.

Láàárín olówó àti aláìní, ọ̀fin náà jìn sí i. Ní básíkẹ́ẹ̀tì, àwọn kékeré a máa ya gbogbo ayé lẹ́nu tẹ́lẹ̀. Loyola Chicago dé ìpele ẹgbẹ́ mẹ́rin tó kẹ́yìn ní 2018, Saint Peter's dé ìpele ẹgbẹ́ mẹ́jọ ní 2022, Florida Atlantic dé ìpele ẹgbẹ́ mẹ́rin ní 2023. Ṣùgbọ́n ní 2025, nígbà tó ku ẹgbẹ́ 16, kọ́ńfáráǹsì mẹ́rin péré ló ni gbogbo wọn: SEC ní méje, Big Ten ní mẹ́rin, Big 12 ní mẹ́rin, ACC ní ẹyọ kan. Kò sí kékeré kankan níbẹ̀. Kóòṣì tó gbé Florida Atlantic dókè ti lọ sí Michigan ní 2024, ọmọ gíga tó dúró sí àárín ẹgbẹ́ náà sì tẹ̀lé e.

Ẹ gbọ́ ti Indiana dáadáa, nítorí òun ni wọ́n máa fi dá yín lóhùn. Wọ́n á ní: "Indiana wà lára àwọn tí wọ́n tíì nà jù nínú ìtàn bọ́ọ̀lù yìí. Owó sísan ti gbé e débi ife, kò tilẹ̀ pàdánù eré kan ní sáà náà. Ṣé ẹ rí i pé aláìní ti lówó lọ́wọ́?" Rárá o. Indiana kì í ṣe aláìní, ọmọ ilé olówó tí kò mọ bọ́ọ̀lù gbá ni. Big Ten ló wà. Ibo ni kóòṣì rẹ̀ ti wá? Láti James Madison, tó wà ní Sun Belt. Nígbà tó ń bọ̀, ọmọ 13 láti ibẹ̀ tẹ̀lé e. Èyí tó gba àmì-ẹ̀yẹ Heisman nínú ẹgbẹ́ náà, Fernando Mendoza, Yunifásítì California ló ti wá. James Madison kò jókòó sunkún, ó tún ẹgbẹ́ kọ́, ó sì dé ìdíje ẹgbẹ́ 12 ní sáà 2025. Oregon, tó wà ní Big Ten, nà án jáde nínú eré àkọ́kọ́. Kóòṣì tuntun náà ńkọ́? UCLA ti mú un, Big Ten náà ni.

Bí ó ṣe rí nìyẹn. Ilé-ẹ̀kọ́ kan lè dìde nínú kọ́ńfáráǹsì olówó. Kọ́ńfáráǹsì aláìní ló ń di abọ́mọtọ́jú tí wọn kò sanwó ìtọ́jú fún.

Ta ló tú ilé ká?

Nígbà náà, ṣé àwọn ọmọ ló jẹ̀bi? Ẹ wo Pac-12, kọ́ńfáráǹsì apá ìwọ̀-oòrùn tó bẹ̀rẹ̀ ní 1915. Ní 2022, USC àti UCLA sọ pé àwọn ń lọ sí Big Ten. Lọ́dún yẹn ni Big Ten ta ẹ̀tọ́ tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ fún ọdún méje ní owó tó lé ní bílíọ̀nù méje dọ́là. Ní 2023, Oregon àti Washington tẹ̀lé wọn, Colorado, Utah, Arizona àti Arizona State lọ sí Big 12, Stanford àti California sá lọ sí ACC. Oregon State àti Washington State nìkan ló kù nínú ahoro. Ìgbà tí ilé ń wó lọ́wọ́ ni Washington gbá àṣekágbá ife orílẹ̀-èdè, ní oṣù kìn-ín-ní 2024. Kì í ṣe pé àwọn ọmọ ibẹ̀ kò mọ bọ́ọ̀lù gbá. Owó tẹlifíṣọ̀n ni kò tó àwọn àgbà.

Kò sí ọmọ ogún ọdún kan tó fọwọ́ sí ìwé tó tú Pac-12 ká. Àwọn ọ̀gá yunifásítì ló fọwọ́ sí i. Àwọn náà ló jẹ́ kí ọmọ Los Angeles máa wọ bàlúù lọ sí New Jersey láti gbá eré kọ́ńfáráǹsì, tí wọ́n á tún sọ pé ìwé ló ṣe kókó jù lójú àwọn.

Wọn kò sì dúró níbẹ̀. Nínú owó ìdíje ife bọ́ọ̀lù láti 2026, SEC àti Big Ten nìkan yóò kó nǹkan bíi 58 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tó kù ni gbogbo ìyókù yóò pín. Àdéhùn 2025 yẹn tún ní kí wọ́n san nǹkan bíi bílíọ̀nù 2.8 dọ́là fún àwọn eléré àtijọ́ tí wọ́n rẹ́ jẹ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ń yọ apá kan rẹ̀ nínú owó tí NCAA ń pín fún gbogbo kọ́ńfáráǹsì, títí kan àwọn kéékèèké tí ọmọ wọn kò ní rí nǹkan gidi gbà nínú rẹ̀. Ẹni tí kò jẹ àsè ń bá wọn fọ àwo. Ní oṣù kẹta 2025, Saint Francis ti Pennsylvania dé ìdíje básíkẹ́ẹ̀tì ńlá náà. Nínú oṣù yẹn kan náà ló kéde pé òun ń padà sí ìpele kẹta, níbi tí wọn kì í ti fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nítorí eré.

Ohun tí ojú mi rí

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí mi. Mo kọ́ ọmọ kan ní kíké Àlùkùránì láti Bísímílà, ọdún mẹ́rin gbáko. Ohùn rẹ̀ dùn, ó sì ní ìforítì. Ilé-kéwú ńlá kan wá bá àwọn òbí rẹ̀, wọ́n ní àwọn á fún un ní aṣọ, oúnjẹ àti ibùsùn. Ó lọ. Nígbà tó ṣe, ó gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje kíké, wọ́n sì pe orúkọ ilé-kéwú ńlá náà lórí gbohùngbohùn. Ẹnikẹ́ni kò mẹ́nu ba tiwa.

Ṣé mo bínú? Mo bínú díẹ̀, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n n kò bínú sí ọmọ náà. Ilé wọn kò ní, oúnjẹ tí wọ́n fún un kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tó dùn mí ni pé kò sí ètò kankan láàárín àwa olùkọ́ tó ní kí ẹni tó kórè rántí ẹni tó gbìn. Àwa àgbà ni a kò ṣe ètò náà. Ọmọ kọ́.

Ẹ̀kọ́ méjì tó gbọ́dọ̀ dúró pa pọ̀

Ìsìn wa kọ́ wa ní ohun méjì tó kan ọ̀rọ̀ yìí. Àkọ́kọ́, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kìlọ̀ fún wa láti má ṣe fi owó òṣìṣẹ́ falẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti tó fún ọmọ náà, kí ó bi ara rẹ̀ bóyá òun á gba kí ọ̀gá òun fi oúnjẹ àti yàrá san owó oṣù òun, kí ọ̀gá náà sì máa kó èrè ibi iṣẹ́ lọ ilé. Ẹ̀kẹjì, Ọlọ́hun kò fẹ́ kí ọrọ̀ máa yí po láàárín àwọn olówó nìkan.

Àwọn kan di ẹ̀kọ́ kejì mú, wọ́n fi tẹ àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀: kí eré lè dọ́gba, ẹ má sanwó fún ọmọ. Àwọn mìíràn di àkọ́kọ́ mú, wọ́n gbàgbé ìkejì: a ti sanwó fún ọmọ, kí alágbára máa jẹ ẹran aláìlágbára lọ. Méjèèjì ló ṣìnà. Ẹ má fi ẹ̀tọ́ ọmọ ra ìdọ́gba, nítorí kì í ṣe ọmọ ló jẹ gbèsè ìdọ́gba náà.

Kí ni kí wọ́n ṣe? Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tí gbogbo wa ń wò ti fi ọ̀nà kan hàn. Òfin FIFA ní bí kíláàbù kan bá ra agbábọ́ọ̀lù lọ́wọ́ òmíràn nígbà tí ìwé àdéhùn rẹ̀ kò tíì parí, kí wọ́n yọ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà fún àwọn kíláàbù tó tọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 sí 23. Kí Big Ten àti SEC ṣe irú rẹ̀: ẹni tó bá mú ọmọ láti Sun Belt, kí ó san owó ìtọ́jú fún ilé-ẹ̀kọ́ tó kọ́ ọ, láì yọ nǹkan kan kúrò nínú owó ọmọ. Kí wọ́n fún àwọn ọmọ ní ìwé àdéhùn gidi bíi ti òṣìṣẹ́, kí ọmọ àti ilé-ẹ̀kọ́ jọ mọ ọdún tí wọn á jọ lò. Kí wọ́n sì tún owó ìdíje ife pín, nítorí bí kò bá sí kékeré, ta ni ńlá yóò bá díje?

Bí wọ́n bá kọ̀, òwe àgbà ń dúró dè wọ́n: àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ọjọ́ tí SEC àti Big Ten bá jẹ gbogbo rẹ̀ tán, àwọn méjì ni yóò kù tí wọn á máa wo ojú ara wọn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin òbí

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ní ọmọ tó ga, tó ń fò, tí ojú rẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà. N kò ní kí ó má lọ. Ṣùgbọ́n ẹ mọ èyí kí ẹ tó ta ilẹ̀: ọmọ tó bá fi físà akẹ́kọ̀ọ́ wọ ibẹ̀, òfin ìwọ̀lú kò jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ owó bó ṣe wù ú. Oscar Tshiebwe, ọmọ Kóńgò tó ń gbá fún Kentucky, ìgbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ rìnrìn-àjò lọ sí Bahamas ní 2022 ló tó rí àyè ṣe iṣẹ́ ìpolówó tirẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá wá sọ fún yín pé mílíọ̀nù dọ́là ń dúró de ọmọ yín ní pápákọ̀ òfurufú, ẹ bi í léèrè físà kí ẹ tó bi í léèrè owó. Ẹ ka ìwé àdéhùn, ẹ wá ẹni tó mọ òfin kí ó bá yín kà á. Kí ọmọ sì di ìwé rẹ̀ mú, nítorí orúnkún lè yẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ọmọ tó bi mí ní ìbéèrè lẹ́yìn ìrun Àsárì, tí o bá ń ka èyí: rárá, owó tí wọ́n san fún àwọn ọmọ kọ́ ló ba eré jẹ́. Owó tí àwọn àgbà kò fẹ́ pín ni.

Kí Ọlọ́hun Ọba fi wá ṣe ẹni tó ń san owó òṣìṣẹ́ ní pípé, tí kì í sì í jẹ àjẹìwẹ̀yìn. Kí Ó ṣọ́ àwọn ọmọ wa nílé àti lẹ́yìn odi. Àmín. Wàsàláàmù àlékùm wàràhámátúláhì wàbàràkátùhù.